Oṣù Kejìlá ti há mọ́ wa, ó sì ti rẹ àwọn ọmọ: kí ni kí n yọ kúrò?

Ìyá Mẹ́ta (Thamesmead)
Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Àgbà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, òru mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Bàbá wọn ń wa bọ́ọ̀sì ní London níbí, àkókò iṣẹ́ tirẹ̀ sì ń yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn fún ìgbà òtútù ní òpin oṣù Kẹwàá ni nǹkan ti le. Tí mo bá jí lójú oorun ọ̀sán, tí mo lọ kó wọn nílé ìwé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Tó bá fi máa di àárín oṣù tó ń bọ̀, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Lónìí ni mo jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀lù fún ọkùnrin. Ọjọ́rú, dùùrù fún obìnrin. Sátidé, ìlúwẹ̀ẹ́ ní mẹ́sàn-án àárọ̀, kíláàsì Yorùbá ní mọ́kànlá, ìdánrawò orin Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní méjì ọ̀sán. Àìkú, ìsìn tí a kì í ṣe tán kí aago méjì tó lù. Ìkórè àgbà wa bọ́ sí 23 oṣù yìí, aṣọ ẹbí wà ńbẹ̀. Eré ìbí Jésù wà nílé ìwé ọkùnrin, ti jẹ́lé-ó-sinmi àbíkẹ́yìn wà lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ súwẹ́tà Kérésìmesì tún wà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìbí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní 6 oṣù Kejìlá. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nílùú òtútù.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé lánàá, ọmọ mi ọkùnrin sùn lọ sórí tábìlì ní kíláàsì Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, tíṣà ti fi kóòtù bò ó. Mo fọwọ́ kàn án, ó lajú, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mọ́mì, ṣé ilé là ń lọ àbí ibòmíì?" Mo gbé e dé inú mọ́tò, ojú mi ń pọ́n.

Bàbá wọn ní kíláàsì Yorùbá ni ká yọ kúrò, pé òun la lè fi ṣeré nítorí a ń sọ Yorùbá nílé. Ọkàn mi ò gbà á. Àmọ́ n kò mọ èyí tí mo lè yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú èyí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

---

Bàbá Ìbejì (Leeds)
Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá, 11:15 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Mẹ́ta. Mo wà lẹ́yìn ọkọ yín. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sùn lórí tábìlì kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù ń mú un lára le, ìlúwẹ̀ẹ́ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun à ń yọ. Yorùbá ni ẹ lè fún un nílé, lórí oúnjẹ, nínú mọ́tò, láìsan kọ́bọ̀. Tó bá di oṣù Kíní, kó padà síbẹ̀.

---

Tíṣà Àkànkẹ́
Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá, 6:50 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní òpin ọ̀sẹ̀ nílùú yìí, ọdún kọkànlá rèé. "Ilé la ti ń kọ́ ọ" ni gbogbo òbí máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú ilé wa, ta là ń bá sọ Yorùbá? Bàbá àti ìyá ń bá ara wọn sọ ọ́, wọ́n sì ń kọjú sí ọmọ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ń gbọ́, kò lè fèsì. Tó bá ti fi oṣù méjì kúrò lọ́dọ̀ wa, kì í fẹ́ padà mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣíwájú, ojú sì ń tì í.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan ní kíláàsì mi kọ lẹ́tà Kérésì sí bàbá rẹ̀ àgbà ní Ìlá. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé "Mo fẹ́ rí ọkọ̀ tuntun yín." Àmì orí ọ̀rọ̀ kan ló ṣì fi sí, ó kọ ọ́ ní "ọkọ́." Bàbá àgbà pè lórí fóònù, ó ní òun ò tíì ra ọkọ́ tuntun láti ọdún mẹ́ta, ta ló sọ fún ọmọ? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Látọjọ́ náà, kò gbàgbé àmì sórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Irú nǹkan báyìí kì í ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Mẹ́ta, ọmọ tó rẹ̀ kò lè kọ́ nǹkan kan. Ẹ gba Sátidé méjì lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀, kí ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ kó má rò pé ẹ ti lọ. Ẹ tún bi í bóyá ó lè fi orin Kérésìmesì tí ìjọ yín fẹ́ kọ ní Yorùbá kọ́ wọn ní kíláàsì. Bí orin bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìdánrawò méjì ti di ẹyọ kan. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn yẹn, tíṣà lòun náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Luton)
Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ mú. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá yẹ kó sùn wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá ní alẹ́. Ẹ ka tiyín. Tó bá ń wọlé oorun ní mẹ́wàá, tí ẹ ń jí i ní mẹ́fà ààbọ̀, gbèsè oorun ló ń jẹ. Kò sí bí ẹ ṣe lè to kàlẹ́ńdà kí gbèsè yẹn má hàn ní Sátidé.

Ohun mẹ́ta mìíràn nípa ìgbà òtútù yìí. Ẹ fún wọn ní fítámínì D, máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́. Ìmọ̀ràn NHS, iṣẹ́ ìlera ìjọba ibí, fún gbogbo ènìyàn nìyẹn láti ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀ títí òtútù á fi lọ, àwa aláwọ̀ dúdú sì lè máa lò ó yípo ọdún, nítorí oòrùn ibí kò tó awọ ara wa. Ẹ̀ẹ̀kejì, àjẹsára fúlúù. Èyí tí wọ́n ń fín símú ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ti àbíkẹ́yìn yín wà lọ́dọ̀ dókítà ìdílé, ẹ má dúró kí wọ́n pè yín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ bọ́ kóòtù olówùú tó nípọn kúrò lára àbíkẹ́yìn kí ẹ tó de bẹ́líìtì àga rẹ̀ nínú mọ́tò. Kóòtù yẹn máa ń tan ni jẹ: ẹ ó rò pé bẹ́líìtì ti mú ọmọ dáadáa, afẹ́fẹ́ inú kóòtù ló mú. Ẹ de ọmọ pẹ̀lú súwẹ́tà, kí ẹ wá da kóòtù bò ó láti iwájú.

---

Alhaja Kékeré (Old Kent Road)
Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá, 8:05 alẹ́

Ẹ ṣé é, Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́kù tí àwa Mùsùlùmí ní láti mọ̀. Jẹlatíìnì ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń fín símú yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè béèrè fún abẹ́rẹ́ tí kò ní i, wọ́n á fún un. Inú fọ́ọ̀mù tí ilé ìwé fi ránṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ ọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ débí, mi ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rárá nítorí mo rò pé kò sí òmíràn, ọmọ mi sì fi fúlúù dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ Kérésì.

Ìyá Mẹ́ta, Mùsùlùmí ni wá, àmọ́ oṣù Kejìlá ń mì àwa náà. Ọmọbìnrin mi ló ń sọ ìtàn nínú eré ìbí Jésù lọ́dún yìí, ìlà mọ́kànlá ló há sórí. Mo gbà á láàyè. Àǹábì Ísà ni, Súrà kọkàndínlógún nínú Àlùkùráánì sì ń jẹ́ Màríyámù. Ní Òṣogbo tí mo dàgbà sí, abọ́ ìrẹsì àti adìyẹ máa ń wọ ilé wa láti ilé Kìrìsìtẹ́nì mẹ́rin ní ọjọ́ Kérésì. Tó bá di Iléyá, ẹran tiwa náà á lọ síbẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí abọ́ ẹnikẹ́ni padà lófìfo.

---

Abú Sumayyah (Birmingham)
Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 7:31 àárọ̀

As-salaam alaykum, Alhaja. Jíjẹ oúnjẹ aládùúgbò kò ṣòro fún wa. Kí ọmọ dúró lórí pèpéle kó máa sọ ohun tí a kò gbà gbọ́ nípa Ísà, ìyẹn lọ̀rọ̀ fún mi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kọ́ ló wà nínú Súrà Màríyámù. Òfin ilẹ̀ England fún òbí láàyè láti yọ ọmọ kúrò nínú ìjọ́sìn ilé ìwé. Mo kọ lẹ́tà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n gbà, ọmọ mi ń bá wọn kun àwòrán ẹ̀yìn pèpéle. Inú rẹ̀ dùn síbẹ̀.

---

Alhaja Kékeré (Old Kent Road)
Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 9:12 àárọ̀

Wa alaykum salaam. Mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mo ti ka ìlà mọ́kànlá náà tán kí n tó gbà, kò sí èyí tó ta ko ìgbàgbọ́ wa nínú wọn. Ká ní ó wà, ọ̀nà tiyín ni mi ò bá tọ̀.

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 12:44 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹ̀ ń dààmú ara yín? Kí wọ́n kó ọmọ lọ sílé ní 8 oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, fíìmù wíwò àti kíkùn àwòrán ni wọ́n ń ṣe nílé ìwé. Ẹ ó wọ bàálù kí owó rẹ̀ tó fò sókè, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, ẹ ti dé Èkó. Àwọn ọmọ á yin bàńgà, wọ́n á rí àwọn mọ̀lẹ́bí. Tí wọ́n bá tilẹ̀ ní kí ẹ san owó ìtanràn, kò tó ìdajì ohun tí ẹ máa rí jèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

---

Àwẹ̀ró (Manchester)
Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó Ìyá Mẹ́ta sí wàhálà. Mo ti san owó náà rí. Ní England, láti ọdún 2024, tí ọmọ bá pàdánù tó ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ilé ìwé, wọ́n lè bu owó lé òbí. Pọ́n-ùn 80 ni tí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di 160. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òbí kọ̀ọ̀kan ló ń san án lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì ló wà nílé ìwé nínú àwọn tirẹ̀, àbíkẹ́yìn kò tíì tó. Òun àti ọkọ rẹ̀ á san 320. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, 640. Tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, 160 ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò sí owó ìtanràn mọ́, wọ́n lè gbé òbí lọ sílé ẹjọ́. Nọ́ọ̀sì ni. Kò yẹ kó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣeré.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá síbí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lọ bá ní Ìbàdàn?

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Àwẹ̀ró, o ṣé. Scotland ni mo ń gbé, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní England. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Mẹ́ta, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi yẹn.

---

Màmá Peckham
Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá, 3:10 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti tọ́ ọmọ márùn-ún nílùú yìí láti ọdún 1984, ọmọ-ọmọ ni mo ń gbé báyìí.

Ìyá Mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Má dúró dìgbà tó bá délé kó o tó fún un láṣọ. Gbé kóòtù, fìlà olówùú, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ lọ bá a ní pápákọ̀ òfuurufú, kó wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kó tó jáde síta. Ìyá mi bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàálù ní oṣù Kíní pẹ̀lú ìró àti bùbá léèsì, ó rò pé òtútù ibí dà bí ọyẹ́. Àtẹnu ọ̀nà dé ibi tí a gbé mọ́tò sí ni òtútù ti wọ̀ ọ́ lórúnkún, kò sì jáde nílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kó òrí dání fún un, ara á gbẹ. Máa fi pa àwọn ọmọ náà, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́, kí wọ́n tó jáde láàárọ̀.

Nípa ìkórè, má ra aṣọ ẹbí fún àwọn ọmọ. Aṣọ tí wọ́n á wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sì ga ju ú lọ kí ọdún tó yí. Ra tìrẹ àti ti bàbá wọn, gé nínú tìrẹ kí télọ̀ fi rán fìlà fún ọkùnrin àti rìbọ́ọ̀nù fún obìnrin. Ó ti tó.

Tó bá di Kérésì, gbé tòlótòló rẹ kúrò nínú fírísà ní alẹ́ tó ṣáájú, gbé e sórí káńtà ilé ìdáná, á yọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

---

Ìyá Olóúnjẹ (Croydon)
Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, mo kúnlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà àfi ti tòlótòló. Oúnjẹ ni mo ń tà, wọ́n kọ́ wa dáadáa lórí èyí. Inú fíríìjì ló yẹ kó ti yọ́, wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá fún kílò kọ̀ọ̀kan. Tòlótòló kílò márùn-ún á gba bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Ní 22 ni kó ti kúrò ní fírísà. Lórí káńtà, ìta rẹ̀ á ti gbóná, kòkòrò á ti máa bí sí i, inú rẹ̀ á ṣì le bí òkúta. Tí wọ́n bá wá gbé e sórí iná bẹ́ẹ̀, ìta á jó, ẹ̀jẹ̀ á wà légungun.

---

Màmá Peckham
Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o káre. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é láti ogójì ọdún, Ọlọ́run ló ń kó wa yọ. Ní 22 nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà mi.

---

Bàbá Ìbejì (Leeds)
Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá, 9:30 alẹ́

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Tíṣà Àkànkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dán an wò nílé lánàá. Mo ní kí àwọn ìbejì mi fi Yorùbá sọ bí ọjọ́ wọn ṣe lọ. Wọ́n wò mí. Taye ní "Ó dára." Kẹ́hìndé ní "Òun náà." Ibẹ̀ ló parí sí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ kíláàsì kankan ní agbègbè Leeds, tàbí èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

---

Tíṣà Àkànkẹ́
Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá, 10:04 alẹ́

Ẹ kú àmọ́júkúrò, Bàbá Ìbejì. Mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.

---

Ìyá Mẹ́ta (Thamesmead)
Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 11:05 àárọ̀

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Òru mẹ́rin ni mo ṣe léraléra, ìkórè sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Fìlà àti rìbọ́ọ̀nù la rán, Màmá, gbogbo ìjọ ló ń béèrè ẹni tó rán an.

Mo ka oorun wọn bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ti ọkùnrin jẹ́ wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, alẹ́ márùn-ún tẹ̀ léra. Mo gbé ìwé náà fún bàbá wọn. A pe àwọn ọmọ jókòó, a ní kí oníkálukú mú ohun kan tó fẹ́ fi sílẹ̀ títí di oṣù Kíní. Ohun tí wọ́n mú yà wá lẹ́nu. Ọkùnrin ní bọ́ọ̀lù. Ó ní òkùnkùn máa ń ṣú kí wọ́n tó ṣe tán, ọwọ́ òun a sì máa kú. Kíláàsì Yorùbá tó ti sùn lọ yẹn, ó ní òun ò fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ òun wà. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa bọ́ọ̀lù rẹ́ lórí kàlẹ́ńdà.

Obìnrin ní ìdánrawò orin ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí le fún mi, èmi gan-an wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní kó má kánjú. Ó ní orin náà dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n wákàtí méjì ni àwọn ọmọ fi ń dúró kí àwọn àgbà tó ṣe tán. Mo lọ bá adarí orin. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa wá ní aago mẹ́ta dípò méjì, kí wọ́n sì máa lọ ní mẹ́rin. Gbogbo òbí ló dúpẹ́. A ti dá ìlúwẹ̀ẹ́ dúró fún oṣù yìí, adágún gbà wá láàyè láìpàdánù àyè wa. Nínú ọjọ́ ìbí mẹ́ta, ọ̀kan la ó lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Olùṣọ́-àgùntàn ni ọkùnrin nínú eré, ọjọ́ 10 ni, ilé ìwé ní ká wá aṣọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà kò nípọn, ó sì wọ́n. Kí ni mo lè lò nílé?

---

Àwẹ̀ró (Manchester)
Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 12:16 ọ̀sán

Ẹ ní òfì àtijọ́ nílé? Èyí tó ní ìlà funfun àti aró, tó ti rọ̀. Tuntun á máa yún un lọ́rùn. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ gé ihò orí sí ojú ibi tí ó ṣẹ́, ẹ fi okùn so ó níbàdí. Fún orí, ìborùn kékeré, ẹ fi ọ̀já tín-ín-rín de e yípo iwájú orí. Ẹ wọ súwẹ́tà fún un sábẹ́, gbọ̀ngán ilé ìwé máa ń tutù.

---

Màmá Peckham
Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 2:25 ọ̀sán

Má gé òfì o! Jọ̀wọ́. Ká ìyẹn po, fi í sí èjìká kan bí àwọn bàbá ṣe ń da aṣọ bora, fi pín-ìnnì ńlá mú un lábẹ́ apá. Tí eré bá parí, tú u, padà sínú àpótí. Òfì tí ìyá ọkọ rẹ bá rí tí wọ́n gé, ọ̀rọ̀ á pọ̀.

---

Àwẹ̀ró (Manchester)
Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 2:31 ọ̀sán

Òótọ́ ni, Màmá. Ẹ fi ti Màmá ṣe.

---

Ìyá Mẹ́ta (Thamesmead)
Àìkú, 14 Oṣù Kejìlá, 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Màmá wa ti dé láti ọjọ́ 6, kóòtù ló wọ̀ jáde láti pápákọ̀. Òfì rẹ̀ gan-an ni ọmọ fi ṣe olùṣọ́-àgùntàn, inú àpótí rẹ̀ ló ti fà á yọ nígbà tó gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì dà á bò ó léjìká. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ni ilé ìwé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró sílé pẹ̀lú àbíkẹ́yìn kí ìyá àti ọmọ rẹ̀ lè lọ.

Lánàá, lẹ́yìn kíláàsì, òjò ò jẹ́ ká jáde, Màmá sì ní ká din chin-chin. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èbù ìyẹ̀fun kan àti ọ̀bẹ tí kò mú. Ó na tirẹ̀ pẹlẹbẹ pẹ̀lú ìgò, ó ń gé e wẹ́wẹ́ ní ìbú, ó tún gé e ní òró, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Àbíkẹ́yìn ń jẹ tútù. Ọkùnrin gé tirẹ̀ ní ìràwọ̀, ó gbé e sókè, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wo ìràwọ̀ mi, ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún." Yorùbá ló fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní, "Ẹsẹ̀ ló ní àbí apá?" Àríyànjiyàn yẹn lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òróró sì ti gbóná.

Ọjọ́ Kérésì, bọ́ọ̀sì ò ní ṣiṣẹ́ ní London, nítorí náà bàbá wọn á wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá ti ní kí n ra abọ́ onídèérí mẹ́fà, òun fẹ́ gbé ìrẹsì fún àwọn ará ilé òsì àti ọ̀tún wa. A ti ń gbé ibí fún ọdún mẹ́rin, n kò mọ orúkọ wọn. Àgbà ọmọ mi ló lọ kanlẹ̀kùn wọn lónìí pẹ̀lú ìwé pélébé, ó ń béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í jẹ. Ìdílé kan kì í jẹ ẹran. Ọ̀kan ní kí ata má pọ̀.

---

Alhaja Kékeré (Old Kent Road)
Àìkú, 14 Oṣù Kejìlá, 9:14 alẹ́

Alhamdulillah. Ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á dá a padà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè ìwọ̀n chin-chin yẹn lọ́wọ́ Màmá. Tèmi máa ń le jù.

---

Ìyá Mẹ́ta (Thamesmead)
Àìkú, 14 Oṣù Kejìlá, 9:37 alẹ́

Màmá jókòó tì mí, ó ní kí n kí yín. Ìyẹ̀fun kílò kan, bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 200, ẹyin méjì, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀, àti mílíìkì tó kàn máa mú un pọ̀ mọ́ra. Ó ní tó bá ń le, bọ́tà tàbí mílíìkì kọ́ ló fà á, pípò ló pọ̀ jù. Tí ìyẹ̀fun bá ti kúrò lára abọ́, kí ẹ fọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.